Ọ̀nà Ọ̀yọ́túnjí ní South Carolina: báwo la ṣe máa mọ oríta US 17 àti US 21?

ÌyáẸgbẹ́_Charlotte béèrè:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ kó àwọn àgbàlagbà lọ sí Ọ̀yọ́túnjí, abúlé Yorùbá tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà dá sílẹ̀, lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. A óò jẹ́ 15 pẹ̀lú awakọ̀, nínú báàsì ẹlẹ́ni-15. Charlotte la ti ń gbéra.

Fóònù mẹ́ta la fi wá ọ̀nà náà, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tọ́ka sí. Ọ̀kan sọ pé títì US 17, èkejì sọ pé títì US 21, ẹ̀kẹta ní ká forí lé etíkun Charleston. Mo fẹ́ kí ẹni tó mọ ọ̀nà náà dáadáa tò ó fún wa ní oríta-oríta: nọ́ńbà Exit (ibi tí a ti ń jáde lójú títì ńlá), apá ibi tí a óò yà sí, ohun tí a óò rí lójú pátákó, àti ibi tí èèyàn ti máa ń ṣìnà. Lẹ́yìn abúlé, àwọn kan nínú wa fẹ́ rí òkun, àwọn kan sì fẹ́ gba Charleston padà. Ẹ ṣé púpọ̀.

Awakọ̀_OkoJíjìn fèsì:

Ẹ kú ìmúra o, màmá. Ọ̀nà náà kò le rárá, ìparí rẹ̀ nìkan ló lẹ́tàn. Ẹ jẹ́ kí n fi apá tó rọrùn bẹ̀rẹ̀.

Láti Charlotte, títì ńlá I-77 South (síhà gúúsù) ni. Bí ẹ bá ti wọ South Carolina, nọ́ńbà máìlì ojú ọ̀nà á máa dín kù láti 91 lọ sí òdo. Ẹ má yà wọ ìlú Columbia, I-77 fúnra rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ìlú kọjá. Ẹ óò rí I-20 ní Exit 16, ẹ fi í sílẹ̀. Níbi tí I-77 ti tán pátápátá, ọ̀nà pín sí méjì: I-26 West ń lọ sí Spartanburg, I-26 East ń lọ sí Charleston. East ni tiyín. Ibẹ̀ ni kí ẹni tó jókòó ti awakọ̀ lajú sí, torí ẹni tó bá gba West ń padà sókè ni, ó sì lè rìn jìnnà kó tó fura.

Láti ibẹ̀ lọ, nọ́ńbà Exit ni kí ẹ máa fi ṣírò, nítorí máìlì ni wọ́n fi kà wọ́n. Ẹ wọ I-26 ní 116, ẹ óò bọ́ sórí I-95 ní 169. Máìlì 53 nìyẹn. Lórí I-95, South ni kí ẹ gbà. Ẹ wọ ibẹ̀ ní 86, ẹ óò jáde ní 33. Máìlì 53 náà tún ni. Nọ́ńbà á máa gòkè lórí I-26, á sì máa sọ̀kalẹ̀ lórí I-95. Kò túmọ̀ sí pé ẹ ti ń padà sílé.

Torí pé àgbà lẹ gbé, ẹ dúró ní Walterboro, ní Exit 57 tàbí 53. Ilé-epo, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti oúnjẹ wà níbẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn 53, igbó àti irà ló pọ̀ jù títí dé 33.

Ọ̀rọ̀ báàsì yín náà ṣe pàtàkì. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni-15 tó kún máa ń wúwo lẹ́yìn, ó sì rọrùn láti dojú dé bí awakọ̀ bá fi agbára yí ọwọ́ ọkọ̀ lójijì. Ẹ má di ẹrù sórí òrùlé. Bí àyè bá ṣẹ́ kù, iwájú ni kí èèyàn kọ́kọ́ jókòó sí. Kí ẹ tó gbéra, nígbà tí táyà ṣì tutù, ẹ wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ mọ́ iye tí wọ́n kọ sára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ báàsì báyìí, iye ti ẹ̀yìn ju ti iwájú lọ, nítorí náà ẹ má ṣe fa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí iye kan náà.

ỌmọỌ̀yọ́_Savannah fèsì:

Ẹ̀gbọ́n ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Èmi á gbà á láti Exit 33, nítorí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Láti I-95 South, bí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ ní 33, apá òsì ni ẹ óò yà sí, síhà tí pátákó ti kọ Beaufort àti Charleston. Àwọn tó ń bọ̀ láti Savannah lórí I-95 North, apá ọ̀tún ni tiwọn. US 17 North lẹ wọ̀ yẹn. Bí ẹ bá wo kọ́ńpáàsì, ìlà-oòrùn lẹ dojú kọ, ẹ má jẹ́ kíyẹn dà yín láàmú.

Láìpẹ́ ẹ óò dé Pocotaligo, níbi tí US 21 àti US 17 Alternate ti bọ̀ láti Yemassee ní apá òsì yín. US 17 Alternate parí síbẹ̀. US 21 ní tirẹ̀ wọlé, òun àti US 17 sì jọ rìn lórí títì kan náà títí dé Gardens Corner. Àárín Pocotaligo àti Gardens Corner yìí ni Ọ̀yọ́túnjí wà, lẹ́bàá Sheldon.

Ẹ wo ohun tó ń da orí èèyàn rú níbẹ̀. US 17 ń lọ sókè sí Charleston, US 21 ń lọ sísàlẹ̀ sí Beaufort, ọ̀nà kan náà sì ni wọ́n jọ ń tọ̀. Nítorí náà, lórí òpó kan ṣoṣo ẹ óò rí 17 tí wọ́n kọ NORTH sí lórí, ẹ óò sì rí 21 tí wọ́n kọ SOUTH sí lórí. Kò sí àṣìṣe nínú pátákó náà. Bí ẹ bá ń ti I-95 bọ̀, 17 NORTH pẹ̀lú 21 SOUTH ni tiyín. Bí ẹ bá ń padà sí I-95, 17 SOUTH pẹ̀lú 21 NORTH ni. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà kékeré, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú awakọ̀. Ẹni tó bá gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ NORTH nìkan láì wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló máa ń ṣẹ́rí padà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín máìlì mẹ́wàá.

Ohun kejì: US 17 Alternate kì í ṣe US 17 o. Àmì ara wọn jọra, ọ̀rọ̀ kékeré ALT nìkan ló yàtọ̀. Alternate gba inú igbó lọ sí Yemassee, Walterboro, Summerville àti Moncks Corner. Bí ẹ bá ń ti 33 bọ̀ tí ẹ bá a yà sí òsì ní Pocotaligo, ẹ ti fi Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ nìyẹn.

Fún àwọn ará Atlanta tó bá ń ka èyí: I-75 South dé Macon, I-16 East títí dé Exit 157, kí ẹ wá gba I-95 North. Ẹ wọ I-95 ní 99, Georgia parí ní nǹkan bí 112, nọ́ńbà South Carolina á sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Bí ẹ bá rí US 17 lójú pátákó ní Exit 5, ní Hardeeville, ẹ má tíì bọ́ sílẹ̀. US 17 yẹn ń bọ̀ wá wọ inú I-95 fúnra rẹ̀, ní 33 ló tó tún jáde. Ìlà méjì péré ni I-95 ní lápá kọ̀ọ̀kan ní agbègbè yẹn, wọ́n sì ti pinnu láti fẹ̀ ẹ́ láti ẹnubodè Georgia títí dé 33 ní ìpele-ìpele. Bí ọkọ̀ ńlá kan bá kọ̀, gbogbo ọ̀nà ló dúró. Ẹ fi wákàtí kan lé ìṣírò yín.

Àdùkẹ́_LowCountry fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n dá ìyá lóhùn lórí ọ̀rọ̀ fóònù mẹ́ta yẹn, nítorí orúkọ ló fà á.

Sheldon ni gbogbo ènìyàn mọ Ọ̀yọ́túnjí mọ́, àmọ́ Seabrook ni wọ́n ń kọ sí àdírẹ́sì lẹ́tà rẹ̀, ní Bryant Lane. Ẹni tó bá tẹ Seabrook nìkan sínú fóònù, àdúgbò Seabrook ni fóònù máa wá, ìyẹn sì wà lórí US 21 lọ́nà Beaufort, lẹ́yìn Gardens Corner. Ẹ ti kọjá abúlé nìyẹn. Èyí tó burú jù ni Seabrook Island. Erékùṣù olówó tó ní géètì ni, lẹ́yìn Johns Island, lẹ́bàá Charleston, kò sì bá Sheldon tan rárá. Ó dá mi lójú pé òun ni fóònù kẹta yín ń mú yín lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún Beaufort pẹ̀lú. North Carolina ní Beaufort tirẹ̀, fóònù tó wà ní Charlotte sì lè yan ìyẹn. Bíi «Bóófọ̀ọ̀tì» ni wọ́n ń pe ti North Carolina. Ti South Carolina ni «Bíúfọ̀ọ̀tì». Bí ẹ bá fẹ́ béèrè ọ̀nà ní ilé-epo, Bíúfọ̀ọ̀tì ni kí ẹ pè é.

Nítorí náà, ẹ tẹ «Oyotunji African Village» ní kíkún, kí ẹ wò ó bóyá Beaufort County, South Carolina, ló mú jáde, kí ẹ sì ṣí àwòrán tí wọ́n yà láti òkè. Ẹ wo títì ńlá náà dáadáa níbẹ̀. Ìlà ọkọ̀ méjì ń lọ, méjì ń bọ̀, ilẹ̀ koríko ló pín wọn, kì í sì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti là á láàárín fún ẹni tó fẹ́ yà kọjá. Ẹ mọ ibi tí wọ́n ti là á ṣáájú abúlé àti èyí tó tẹ̀lé e. Kí ẹ tọ́jú máàpù náà sínú fóònù láti ilé, kó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àmì tí ẹ óò fi mọ̀ pé ẹ ti ré kọjá ni Old Sheldon Church Road. Bí ẹ bá ń ti I-95 bọ̀ tí ẹ rí pátákó ọ̀nà yẹn lápá òsì, ẹ ti sún mọ́ Gardens Corner jù. Ẹ má fi ìbínú tẹ bíréèkì lójú títì. Ẹ máa lọ títí ẹ ó fi rí ibi tí wọ́n la àárín, kí ẹ bọ́ sínú ìlà ìdúró apá òsì, kí ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ ìhà kejì kọjá tán, kí ẹ tó ṣẹ́rí. Báàsì gígùn kì í lè yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ọkọ̀ kékeré. Kí gbogbo ara rẹ̀ wọ àárín náà pátá, kí ìdí rẹ̀ má yọ sójú ìlà tí ọkọ̀ ti ń sáré bọ̀ lẹ́yìn yín.

Bí ẹ bá ní ààyè, ẹ yà wo ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi sọ ọ̀nà yẹn lórúkọ. Bíríkì àti òpó rẹ̀ ló kù. Ó jóná ní 1779 lọ́wọ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tún bà á jẹ́ nígbà ogun abẹ́lé ní 1865. Kò tó máìlì méjì sí US 17, àmọ́ ọ̀nà náà tóóró, igi ńlá sì bò ó, nítorí náà ẹ rọra.

Ọ̀nà tó wọ abúlé fúnra rẹ̀ kéré. Ilẹ̀ agbègbè yìí jẹ́ iyanrìn lórí, irà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn òjò ńlá, ọkọ̀ tó wúwo lẹ́yìn á máa rì bí ó bá kúrò lójú ipa táyà. Ẹ má páàkì sórí koríko tó tutù, kódà bó bá dà bíi pé ó le.

ÌyáẸgbẹ́_Charlotte:

Olúwa á bùkún yín. Seabrook Island gan-an ni fóònù ọmọ mi gbé jáde! Ó wá ku méjì: ọ̀nà òkun, àti ọ̀nà Charleston. Ṣé a lè ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan?

ỌmọỌ̀yọ́_Savannah:

Màmá, pẹ̀lú àgbàlagbà, ẹ mú ọ̀kan. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìhà wọn láti Gardens Corner.

Fún òkun, ẹ bá US 21 South lọ sí Beaufort. Ẹ óò gun afárá odò Whale Branch, ẹ óò sì kọjá ibùdó ọkọ̀ òfuurufú àwọn ọmọ ogun. Nínú ìlú, US 21 pín sí méjì. US 21 Business gba àárín ìlú àtijọ́, ó sì ní afárá kan tó máa ń yí láti jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi kọjá. Bó bá ti yí, gbogbo mótò á dúró. Kí báàsì yín gba US 21 gangan, tó yí ẹ̀yìn ìlú po. Àwọn méjèèjì á tún pàdé lórí Lady's Island.

Lẹ́yìn ìyẹn ni St. Helena Island. Ní oríta Frogmore, ẹ yà sí ọ̀tún sí Martin Luther King Jr. Drive, ẹ óò dé Penn Center, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1862 fún àwọn aláwọ̀ dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Àárín àwọn Gullah, ìran àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú wá sí etíkun yìí, lẹ wà yẹn. Orúkọ Yorùbá wà nínú àwọn orúkọ ilé tí wọ́n ń sọ ọmọ wọn, ẹ ní kí àwọn àgbà yín tẹ́tí dáadáa. Tí ẹ bá padà sórí US 21 tí ẹ tẹ̀ síwájú, Hunting Island ni ọ̀nà náà parí sí, létí òkun. Wọ́n ń gba owó ìwọlé ní géètì ọgbà ìjọba yẹn. Ọ̀nà kan náà lẹ óò gbà padà, kò sí ọ̀nà ẹ̀yìn.

Awakọ̀_OkoJíjìn:

Èmi á dá yín nímọ̀ràn Charleston, nítorí yóò mú yín sún mọ́ ọ̀nà ilé. Láti abúlé, ẹ máa bá 17 NORTH lọ. Ní Gardens Corner, ẹ tẹ̀lé pátákó Charleston, kí ẹ fi Beaufort sílẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé omi Whale Branch ló wà níwájú yín, US 21 lẹ ti gbà yẹn, ẹ ṣẹ́rí.

Lẹ́yìn Gardens Corner, odò mẹ́ta lẹ óò kọjá: Combahee, Ashepoo, Edisto. Bíi «Kọ́mbí» ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe Combahee. Afárá rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Harriet Tubman, obìnrin tó sá kúrò lóko ẹrú tó sì ń gba àwọn ẹrú mìíràn sílẹ̀. Odò yẹn ni òun àti àwọn ọmọ ogun gbà wọlé ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà 1863, tí wọ́n fi kó ẹrú tó lé ní 700 jáde sínú òmìnira. Ẹ sọ ìtàn rẹ̀ nínú ọkọ̀, àmọ́ ẹ má dúró lórí afárá láti ya fọ́tò.

Apá yìí, láti Gardens Corner dé Jacksonboro, lókìkí nígbà kan fún jàǹbá. Ìlà kan ní àlọ, ìlà kan ní àbọ̀ ni, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ré ọkọ̀ ńlá kọjá ń forí la ikú. Wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ sí ìlà mẹ́rin báyìí. Síbẹ̀, ilé-epo ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ẹ ra epo ní Exit 33 kí ẹ tó wọ abúlé.

Oríta mẹ́ta ni kí ẹ fi ojú sí lọ́nà yẹn. SC 303 (títì ìpínlẹ̀ South Carolina) ní Green Pond àti SC 64 ní Jacksonboro wà lápá òsì, Walterboro ni àwọn méjèèjì ń lọ. SC 174 wà lápá ọ̀tún lẹ́yìn odò Edisto, ó ń lọ sí Edisto Island, létí òkun ló sì parí sí. Ẹni tó bá ṣì wọ SC 174 máa rìn jìnnà kó tó mọ̀, nítorí ọ̀nà dáadáa ni. SC 64 ní tirẹ̀ wúlò: bí ó bá rẹ àwọn àgbà, ẹ gbà á lọ sí Walterboro, ẹ bọ́ sórí I-95 North ní Exit 57, kí ẹ padà sílé láì dé Charleston.

Bí ẹ bá dé Charleston, ẹ má wọ àárín ìlú bí ẹ kò bá ní nǹkan ṣe níbẹ̀. I-526 bẹ̀rẹ̀ lórí US 17 kan náà yẹn. Ẹ gba I-526 East, lẹ́yìn náà I-26 West dé Columbia, kí ẹ wá gba I-77 North.

Àdùkẹ́_LowCountry:

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Bí I-95 bá dí kí ẹ tó dé 33, ẹ lè jáde ní 42, kí ẹ gba US 21 South. Òun àti US 17 Alternate á jọ gba inú Yemassee, wọ́n á sì já yín sí Pocotaligo, níbi tí ẹ óò ti yà sí òsì. Exit 38 náà, SC 68, dé Yemassee. Ewu ibẹ̀ ni ojú irin. Ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù gùn, ó sì lè dí ọ̀nà pa. Ẹ má wọ orí irin àfi bí ẹ bá rí ààyè tó gba gbogbo gígùn báàsì lódìkejì. Ibùdókọ̀ ojú irin Amtrak wà ní Yemassee yìí kan náà, nítorí náà ẹbí tó bá ń ti New York bọ̀ lè wọ ọkọ̀ Palmetto wá síbẹ̀. Kí ó ti ṣètò ẹni tó máa gbé e ṣáájú o, ìlú kékeré ni.

Kí awakọ̀ má di fóònù mú. Òfin South Carolina ti kà á léèwọ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 2025. Owó ìtanràn jẹ́ $100 ní ìgbà àkọ́kọ́, $200 lẹ́yìn náà. Ẹ gbé e sórí ohun ìdúró kí ẹ tó ṣí ọkọ̀.

Ẹ sì kúrò ní abúlé kí oòrùn tó wọ̀. Àgbọ̀nrín pọ̀ lórí US 17, pàápàá ní oṣù Kẹwàá àti Ìkọkànlá, ní àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́. Bí ẹyọ kan bá fò kọjá, ẹ retí èkejì. Kí awakọ̀ tẹ bíréèkì gírí, kó di ọwọ́ ọkọ̀ mú gbọnrangandan. Kó má yà fún un, nítorí yíyà yẹn ló ń dojú báàsì ẹlẹ́ni-15 dé.

ÌyáẸgbẹ́_Charlotte:

A ó gba Charleston, a ó sì fi SC 64 ṣe ọ̀nà ìṣẹ́yọ bó bá rẹ wá. Mo ti kọ ọ́ sórí bébà fún awakọ̀: «Ní àlọ, 17 NORTH pẹ̀lú 21 SOUTH. Ní Gardens Corner, Charleston.» Ṣé ó pé?

ỌmọỌ̀yọ́_Savannah:

Ó pé, màmá. Ẹ kàn fi «Exit 33, yà sí òsì» sí òkè rẹ̀.